Katakata tó sùn lábẹ́ igi máńgòrò

Ọdún 11 ni katakata bàbá mi, Massey Ferguson 135, fi wà lábẹ́ igi máńgòrò n'Ìṣẹ́yìn. Adìyẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo ní màá tún un ṣe, ará ilé ní kí n yáa tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin.

Ẹ́ńjìnnì ló bà mí lẹ́rù jù. Perkins oní-písítìnnì mẹ́ta ni, ó sì ti gan, kò yí mọ́ rárá. Mo tú nọ́súlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń fọ́n dísù sínú ẹ́ńjìnnì, mo po dísù mọ́ ẹ́ńjìn ọ́ìlì, mo dà á sínú ihò wọn, mo fi àkísà dí i. Mo yọ sítátà. Láràárọ̀, màá ti irin gbọọrọ bọ ihò rẹ̀, màá máa fi tẹ eyín fláìwíìlì, irin ńlá roboto tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí, jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá fi ìbínú tẹ̀ ẹ́ á kán an léyín. Ọjọ́ kẹsàn-án ló dún "kẹ́!", ó sún ní eyín kan. Eyín kan péré! Igbe tí mo ké, ìyá mi rò pé ejò ni.

Ẹ yí ẹ́ńjìnnì dáadáa kí ẹ tó dá nọ́súlù padà o, kí ohun tí ẹ dà sínú rẹ̀ tú jáde. Písítìnnì ò lè fún ọ́ìlì pọ̀ bó ṣe ń fún afẹ́fẹ́. Ọ̀pá rẹ̀ ló máa wọ́.

Àṣé wàhálà ò tíì dé. Ẹ́ńjìnnì á jí, á ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì, á kú bí ẹni tí òsúkè gbé. Mẹkáníìkì ní pọ́ǹpù tó ń ti dísù lọ sí nọ́súlù ti bàjẹ́, kí n lọ ra tòkunbọ̀ ní Gate, n'Ìbàdàn. Owó tó dá lé e ò ṣeé gbọ́ sétí. Baba kan tó ti wa katakata rí ló ní, "Ọmọ mi, afẹ́fẹ́ ló ń fà." Ó dẹ nọ́ọ̀tì orí fílítà, ó ń fọwọ́ fún pọ́ǹpù kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ìfófòó funfun ló kọ́kọ́ ń yọ, bíi ti ọṣẹ, kí dísù tó mọ́ gaara. Wáṣà bàbà fílítà ló ti pẹlẹbẹ. A pààrọ̀ méjì, kò kú mọ́.

Waya àti bátìrì ò le. Táyà ẹ̀yìn ló jẹ owó. Kílọ́ọ̀ṣì, tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà, sì ti lẹ̀ mọ́ fláìwíìlì. A ní láti já katakata sí méjì láàárín kí ọwọ́ tó tó o, èèyàn mẹ́ta àti jáàkì méjì.

Ó ti ro oko báyìí. Àmọ́ bí mo bá pa ẹ́ńjìnnì, kí n tó sọ̀ kalẹ̀, púlọ́ọ̀ tí mo gbé sókè lẹ́yìn rẹ̀ á ti jókòó sílẹ̀. Àtúnṣe ìyẹn di ọdún tó ń bọ̀.