Tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fótò bá ní kẹ́ ẹ bá òun wo iṣẹ́ òun, báyìí ni kẹ́ ẹ ṣe bá a sọ̀rọ̀

Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa n'Íjẹ̀bú-Òde níbí lọ sọ́jà Òkè-Ajé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ya ìyá kan tó ń ta gàrí. Ìyá yẹn ò pòósì o, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe, ó ń bu gàrí sí kóńgò, oníbàárà sọ nǹkan kan, ìyá bú sẹ́rìn-ín, ọmọ yìí sì tẹ̀ ẹ́. Ó gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, ó fi han àwọn ẹ̀gbọ́n mẹ́ta tó jókòó. Ẹni àkọ́kọ́ ní "ó dáa, ó dáa", kò tiẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù tiẹ̀. Ẹnì kejì ní "kò kílíà". Ẹnì kẹta ní "kí ló dé tó ò ní kí màmá wojú kámẹ́rà?" Ọmọ náà ki fóònù bọ àpò, ó lọ mú ìgbálẹ̀. Ó dùn mí gan, torí nínú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, kò sí ẹyọ kan tó lè mú dání padà sọ́jà lọ́la kó fi ya èyí tó dáa ju tòní lọ.

Èmi náà mọ bó ṣe ń rí lára. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá kan wo fótò tí mo yà níbi ìsọmọlórúkọ, ó jù ú sórí tábìlì, ó ní ojú mi ò ríran, ó tán. Kò sọ ibi tí mo ti ṣìṣe. Odidi oṣù méjì ni mi ò fi ya ẹnikẹ́ni àfi tó bá dúró gbagidi síwájú mi.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kà sí. Tó bá jẹ́ orí WhatsApp ló ti fi fótò náà ránṣẹ́ sí yín, WhatsApp á ti sọ ọ́ di kékeré kó lè tètè dé, ibi tó mú ṣáká á ti rọ̀, ẹ̀yin á wá máa bá ọmọ ọlọ́mọ wí pé kò mọ fókọ́ọ̀sì. Ẹ ní kó fi ránṣẹ́ bíi document, àbí kẹ́ ẹ kúkú wò ó lórí fóònù tó fi yà á gan-gan.

Kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ẹ wò ó fún bí ìṣẹ́jú kan, ẹ ṣọ́ ibi tí ojú yín kọ́kọ́ lọ, ibi tó gbà lẹ́yìn ẹ̀, àti ibi tó há sí tí ò lè kúrò mọ́. Ohun tẹ́ ẹ rí yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún un, ẹ má tíì yìn ín, ẹ má tíì bú u. Mo sọ fún ọmọ yẹn pé "mo rí ìyá kan tó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ àpò funfun tó wà lápá ọ̀tún ni ojú mi kọ́kọ́ bà lé, ó pẹ́ kí n tó dé ọ̀dọ̀ màmá." Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n òun fúnra ẹ̀ ò lè rí i. Ẹni tó ya fótò wà níbẹ̀, ó gbọ́ ẹ̀rín, ó gbọ́ ariwo ọjà, ó mọ ohun tí oníbàárà sọ, gbogbo ẹ̀ ṣì kún orí ẹ̀, tó bá ti wo fótò yẹn gbogbo ẹ̀ á tún padà wá. Àwa tí a ò sí níbẹ̀, ohun tó wà láàárín igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn nìkan la rí. Ìdí nìyẹn tó fi nílò wa.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ bi í pé, kí lo rí tó o fi tẹ̀ ẹ́? Ẹ jẹ́ kó dáhùn, ẹ má bá a dá a. Èmi ti rò ó tán lọ́kàn mi pé ẹ̀rín ìyá ni ọmọ yìí fẹ́, mo ti ń múra láti sọ̀rọ̀ lórí ojú ìyá, àfi bó ṣe ní, "èènì ni sà, màmá ti bu kóńgò kún tán, ó wá tún fọwọ́ bu díẹ̀ lé e, bó ṣe ń ṣe é ló ń rẹ́rìn-ín." Ah! Mo tún fótò wò, ọwọ́ tó ń bu èènì ló gé sọ nù létí yẹn! Ká ní mi ò bi í ni, ẹ̀rín ni ǹ bá máa sọ títí, á sì máa wò mí bí ẹni tí ò gbédè òun.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti máa ń bà á jẹ́ rèé o: a máa ń sọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nǹkan méjì tó. Ẹ mú èyí tí kò ṣeé tún ṣe nílé, ìyẹn ibi tó dúró sí, ìgbà tó tẹ̀ ẹ́, ohun tó wà lẹ́yìn ẹni tó ń yà, torí pé fótò tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀ tàbí tó dúdú díẹ̀, ìka ló máa fi tún un ṣe lórí fóònù. Fún ọmọ yìí, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹsẹ̀: ká ní ó sún sápá òsì níwọ̀n ìgbésẹ̀ kan, ọwọ́ èènì á wọlé, àpò funfun á sì jáde. Ìkejì jẹ́ ti ìmọ́lẹ̀. Gàrí Ìjẹ̀bú funfun, àpò funfun, oòrùn sì wà lórí méjèèjì, fóònù wá rò pé gbogbo ibẹ̀ ti mọ́lẹ̀ jù, ó bá dín in kù, ojú màmá wá ṣókùnkùn. Mo fi hàn án pé kó fìka tẹ ojú ẹni tó ń yà lórí sikirín, tí àmì oòrùn kékeré yẹn bá yọ kó fà á sókè díẹ̀. Mo rí nǹkan mẹ́rin míì, títí kan ìgúnpá ẹnì kan tó yọjú láti ẹ̀gbẹ́, mo gbé wọn mì.

Ní ti "kò kílíà" yẹn, ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó sọ ọ́. Tó bá jẹ́ pé gbogbo fótò ló mì, ògiri mì, tábìlì mì, ọwọ́ ẹni tó yà á ló mì, àbí ìmọ́lẹ̀ ò tó tí ṣọ́tà, ìyẹn ohun tó ń ṣí tó ń pa nínú kámẹ́rà láti gba ìmọ́lẹ̀ wọlé, fi lọ́ra. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó ń rìn nìkan ló ṣe bàìbàì tí ìyókù dúró gírígírí, eré ẹni yẹn ló ju ṣọ́tà lọ nìyẹn. Àtúnṣe wọn ò jọra. Ẹni tó ń lo kámẹ́rà, ẹ lè sọ fún un pé kí ṣọ́tà ṣí fún 1/250 ìṣẹ́jú àáyá, ó tó fún ẹni tó ń rìn, kó gbé e dé 1/500 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹṣin tó ń sáré. Nígbà míì sì rèé, apá agbádá tó fẹ́ lẹ́lẹ́ bí ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣe ń jó yẹn gan-an ló dùn nínú fótò, ẹ má jẹ́ kó parẹ́.

Ti "kí ló dé tí ò wojú kámẹ́rà", ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Fótò míì nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ kí màmá wo kámẹ́rà, kó mú màmá wá sí situdíò.

Ojúde Ọba nìkan tó láti fi kọ́ iṣẹ́ yìí o. Láti 2024 tí fótò Farooq Oreagba lórí ẹṣin ti gba ìgboro, gbogbo ọ̀dọ́ tó ní fóònù ló ń jáde lọ́jọ́ kẹta Iléyá, wọ́n á sì gbé ọgọ́rùn-ún fótò wá pé kẹ́ ẹ bá àwọn wò ó. Ẹ ní kó mú mẹ́ta. Ohun tẹ́ ẹ máa rí jù ni fótò regbéregbé, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ tọ́jọ́ orí wọn jọra, tí gbogbo ẹgbẹ́ wà níbẹ̀ tí ẹnì kankan ò sì sí níbẹ̀, ẹ bi í pé èwo nínú wọn lo fẹ́ ká rí. Ẹ máa rí òpó iná tó hù jáde látinú gèlè, ẹ máa rí ẹsẹ̀ ẹṣin tí wọ́n gé ní kókósẹ̀, ẹ máa rí fìlà tó ṣíji bo ojú títí dé imú torí ọ̀sán gangan ni, oòrùn wà lókè orí. Fún ti fìlà yìí, ẹ sọ fún un pé kó ní sùúrù dìgbà tí ẹni yẹn bá gbórí sókè, àbí kó wá ẹni tó wà lábẹ́ ìbòòji.

Ẹnu tẹ́ ẹ fi sọ ọ́ náà ṣe pàtàkì. Àwọn tó ń ta obì ní Sábó Ṣàgámù mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Fótò ni kẹ́ ẹ bá wí, ẹ má bá èèyàn wí. "O ò mọ ìmọ́lẹ̀" yàtọ̀ sí "ojú ìyá ṣókùnkùn ju àpò lọ". Ẹ má sọ ọ́ láàárín èrò tí ò bá ní kẹ́ ẹ sọ ọ́ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ àgbàlagbà ni, bíi tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì n'Íkẹ́nnẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kámẹ́rà, "ẹ jọ̀ọ́ bàbá, kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi tẹ̀ ẹ́?" dáa púpọ̀, wọ́n á jókòó ṣàlàyé fún yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yìn ín, ẹ sọ ibẹ̀ gan-an: "bó o ṣe dúró tí ẹ̀rín yẹn fi jáde", kó lè mọ ohun tó máa tún ṣe lọ́la. Ẹ má sì bá a gé fótò ẹ̀ tàbí kí ẹ kùn ún láìtọrọ àyè.

Nǹkan kan wà tí mi ò kí ń fi bò. Tí fótò bá tàbùkù ẹni tó wà níbẹ̀, ìró tó ń já lára ìyá arúgbó, ọmọ tó wà níhòòhò lẹ́bàá omi, opó tó ń ké níbi òkú, ìmọ́lẹ̀ ibáà dáa títí, ẹ sọ fún un pé kó má gbé e síta. Ẹ bi í bóyá ó lè gbé e lé ẹni yẹn lọ́wọ́. Ìṣẹ̀ṣe náà wà níbẹ̀, bíi Agẹmọ tí obìnrin ò gbọdọ̀ fojú rí, kó bi àwọn àgbà kó tó yọ kámẹ́rà rárá.

Ọmọ yìí padà lọ sí Òkè-Ajé lọ́sẹ̀ kejì. Ó kí màmá, ó ní òun ti ya wọ́n tẹ́lẹ̀, ṣé òun lè tún yà, màmá ní kó máa ṣe tiẹ̀, ó sì dúró níbẹ̀ títí tí wọ́n fi gbàgbé ẹ̀. Mo ní kó tẹ èyí tó dáa jù sórí pépà, kó gbé e lọ fún wọn. Màmá wò ó pẹ́, ó pe onítòmátì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kó wá wò ó. Ó ní ó dáa o, àmọ́ apá bùbá òun bo kóńgò, pé tó bá tún ń bọ̀, kó dúró síbi táwọn oníbàárà ń dúró sí. Mo gba fótò náà wò, òótọ́ ni màmá sọ.