Àwọn Àṣìṣe Tí Ọmọ Yorùbá Máa Ń Ṣe Bí Ó Bá Lọ Jẹun ní Salvador

Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ ṣi ọmọ Yorùbá lọ́nà ní ìlú Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, ni pé ibẹ̀ kì í jọ òkè òkun lójú rẹ̀. Yóò gbóòórùn epo pupa ní ìkóríta, yóò rí obìnrin tí ó wé gèlè funfun tí ó jókòó ti agbada, yóò gbọ́ orúkọ àkàrà lẹ́nu àwọn ènìyàn, yóò sì gbà pé ilé ni òun wà. Láti ìgbà náà lọ kò ní béèrè ohunkóhun mọ́ kí ó tó jẹun, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì ti máa ń wọ́. Oúnjẹ Bahia bá tiwa tan lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ọdún 1850 ni wọ́n ti fòpin sí kíkó ẹrú wọ Bùràsíìlì, ọbẹ̀ tí àwọn ìyá wa gbé lọ sì ti bá àgbọn, ẹ̀pà, kajú àti búrẹ́dì àwọn Potogí da ọwọ́ pọ̀ tipẹ́tipẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín ni èmi fúnra mi ti ṣe, ìyókù sì ṣojú mi.

Ẹni tí ó bá jí ní òwúrọ̀ Sátidé tí ó ní òun ń wá àkàrà lọ yóò rìn títí. Nílé, àárọ̀ ni àkàrà àti ògì máa ń dùn jù, ṣùgbọ́n ní Salvador oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ni. Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni púpọ̀ nínú àwọn alákàrà, tí wọ́n ń pè ní baiana, máa ń tẹ́ àtẹ wọn, wọn a sì wà nídìí rẹ̀ di alẹ́. Àdúgbò Rio Vermelho, ní gbàgede Largo da Mariquita àti Largo de Santana, jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí àwọn ará ìlú fúnra wọn ti máa ń tò sórí ìlà nítorí àkàrà. Ẹ má ṣe tìtorí ìkánjú gba èyí tí wọ́n ti dín sílẹ̀ tí ó ti tutù. Ẹ dúró kí wọ́n dín tiyín lójú yín.

Iṣẹ́ náà yẹ ní wíwò. Ẹ̀wà olójú dúdú ni wọ́n rẹ, tí wọ́n bó, tí wọ́n sì lọ̀ bíi tiwa, àlùbọ́sà àti iyọ̀ nìkan ni wọ́n sì fi sí i. Baiana náà yóò gbá ìkòkò mọ́ra, yóò máa fi síbí onígi gígùn po ó títí yóò fi wú, tí yóò sì fúyẹ́; nígbà náà ni yóò bù ú sínú epo pupa tí ó ń hó. Ẹyọ kan tó ìkúùkù àgbàlagbà. Bí ó bá jáde, yóò fi ọ̀bẹ là á láàárín bí ẹni ń la búrẹ́dì, yóò sì kó vatapá sí i nínú, èyí tí í ṣe búrẹ́dì, ẹ̀pà, kajú, edé àti omi tí wọ́n fún lára àgbọn rírin, tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ epo títí ó fi ki, yóò tún fi ilá sísè tí wọ́n ń pè ní caruru lé e, pẹ̀lú tòmátì gígé àti edé gbígbẹ tí èèpo rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Iye tí wọ́n ń tà á pẹ̀lú edé yàtọ̀ sí iye tí wọ́n ń tà á láìsí edé, nítorí náà kí ẹ sọ èyí tí ẹ fẹ́ kí ó tó kó o sí i.

Ìbéèrè kan wà tí baiana máa ń béèrè tí ó ti kó ọ̀pọ̀ àlejò sí wàhálà. Yóò ní, “quente?” Ẹni tí ó bá ti kọ́ Potogí díẹ̀ mọ̀ pé gbígbóná ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí, yóò sì yára dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ta ni kò fẹ́ àkàrà gbígbóná? Ata ni ó ń béèrè. Ọ̀rẹ́ mi kan, tí dókítà ti ka ata léèwọ̀ fún nítorí ọgbẹ́ inú, fi ìgboyà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rò pé ó ti ń kọ́ èdè. Ata wẹẹrẹ tí wọ́n dín mọ́ epo àti edé lílọ̀ ni baiana náà fi kún inú àkàrà rẹ̀ títí dé ìgbátí. Alẹ́ ọjọ́ náà kò dára fún un. Bí ẹ kò bá fẹ́ ata, ẹ sọ pé “sem pimenta”, kí ẹ sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọn kò ní bínú.

Èyí tí ó tún wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn jẹ àkàrà mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ tí ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Òróró ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa fi ń dín àkàrà nílé lónìí, ó sì kéré. Ti Bahia mu epo pupa yó, vatapá tí wọ́n kó sí i nínú sì wúwo ju àkàrà fúnra rẹ̀ lọ. Ẹyọ kan tó oúnjẹ alẹ́. Ẹ má sì jẹ ẹ́ ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú moqueca, ẹja tí wọ́n sè nínú ìkòkò amọ̀ pẹ̀lú epo pupa àti omi àgbọn, bí inú yín kò bá tíì mọ epo bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ̀pà tàbí edé kò bá lára mu gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidigidi, nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí oúnjẹ elépo kan níbẹ̀ tí ọ̀kan nínú méjèèjì kò sí nínú rẹ̀, wọn kì í sì í sọ fúnni bí a kò bá béèrè.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo fẹ́ kí á dúró lé díẹ̀. Èmi ni mo jókòó síbì kan tí mo ní kí wọ́n fún mi ní amalá, tí ọkàn mi sì ti wà lọ́dọ̀ ewédú àti gbẹ̀gìrì. Ilá ni wọ́n gbé wá: ilá tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n sè pẹ̀lú epo, edé àti àlùbọ́sà. Ní Bahia, oúnjẹ Ṣàngó ni amalá, ilá náà gan-an ni orúkọ sì ti wá dúró lé lórí. Ohun tí wọ́n ń pè ní abará ni ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n pọ́n sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n sì sè, mọ́ínmọ́ín tiwa nìyẹn, kì í ṣe àbàlá onírẹsì tí àwọn àgbà mọ̀. Acaçá jẹ́ ẹ̀kọ àgbàdo funfun nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, efó sì jẹ́ ẹ̀fọ́ lóòótọ́, àmọ́ wọn a máa fi ẹ̀pà tàbí kajú sí i. Farofa tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo yín jọ gàárì tó bẹ́ẹ̀ tí mo ti rí ẹni tí ó bèèrè omi tútù àti ṣúgà. Ṣe ni wọ́n ti yan án mọ́ epo tàbí bọ́tà, orí oúnjẹ ni wọ́n ń bù ú lé. Ẹni tí ó sì jẹun ní ìpínlẹ̀ Espírito Santo, tí wọ́n gbé moqueca tí kò ní epo pupa àti àgbọn fún un, kí ó má ṣe rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ: bí tibẹ̀ ṣe rí nìyẹn, àwọn ìpínlẹ̀ méjèèjì kò sì tíì dẹ́kun àríyànjiyàn lórí ta ni ó ni ojúlówó.

Ní ilé oúnjẹ, ènìyàn méjì ni ìkòkò moqueca kan sábà máa ń wà fún, bí iye rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan lórí ìwé oúnjẹ. Ẹ béèrè kí ẹ tó pe méjì. Búrẹ́dì àti àwọn nǹkan kéékèèké tí wọ́n bá gbé síwájú yín láìjẹ́ pé ẹ bèèrè kì í ṣe ọ̀fẹ́, ẹ lè ní kí wọ́n gbé e padà. Ìdá 10 nínú 100 tí wọ́n máa ń fi kún owó fún àwọn tí ó gbé oúnjẹ wá kò pọn dandan lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú sábà máa ń san án. Ní ọ̀sán, ilé oúnjẹ tí a ti ń wọn àwo lórí òṣùwọ̀n ni ó dára jù fún ẹni tí kò ní owó púpọ̀. Àṣìṣe tí àwa máa ń ṣe níbẹ̀ ni kí á kó ìrẹsì àti ẹ̀wà kún àwo, kí á sì máa sanwó ẹran lórí ìrẹsì, nítorí iye kan náà ni kílò kan, ohun yòówù tí ẹ bá bù.

Bí ẹ bá lè yan àkókò, ẹ yan oṣù Kẹsàn-án. Ọjọ́ 27 oṣù náà ni wọ́n ń ṣe ọdún Cosme àti Damião, àwọn ẹni mímọ́ ìbejì ti ìjọ Kátólíìkì, tí àwọn ará Bahia kà sí ojú kan náà pẹ̀lú Ìbejì wa, inú ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n sì ti máa ń se caruru lọ́fẹ̀ẹ́ fún ará àdúgbò. Bí ẹnìkan bá pè yín, àǹfààní ńlá ni, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti máa ń dunni jù. Àkọ́kọ́, ẹ má ṣe fọwọ́ kan oúnjẹ kí àwọn ọmọdé méje tó jẹ tán. Àwọn ọmọ náà ni wọ́n ń bu oúnjẹ fún ṣáájú ẹnikẹ́ni, wọn a sì jókòó sílẹ̀ yí àwo ńlá kan ká, wọn a máa fi ọwọ́ jẹ ẹ́: ilá, adìyẹ, ẹ̀wà, dòdò, gúgúrú, àgbọn, ìrèké gígé. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ti se ẹ̀wà ìbejì rí yóò dákẹ́ wò ó. Èkejì, ẹ má ṣe na owó sí onílé; ẹ̀jẹ́ ni wọ́n ń san. Ẹ̀kẹta, ẹ yẹ àwo yín wò dáadáa, torí pé wọ́n máa ń fi ilá odindi bíi mélòó kan sínú ìkòkò, ẹni tí ó bá sì bá a nínú àwo rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ se caruru ní ọdún tí ń bọ̀. Mo rí àlejò kan tí ó rẹ́rìn-ín, tí ó gbé ilá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, tí ó ní ilá yìí kò jinná. Gbogbo ilé dákẹ́. Ìyá àgbà tí ó jókòó tì í ni ó mú ilá náà, tí ó sì jẹ ẹ́, ó ní òun yóò bá a se é.

Ilé òrìṣà kì í ṣe ilé oúnjẹ. Casa Branca, tí ó jẹ́ ilé candomblé (ẹ̀sìn òrìṣà ti Bùràsíìlì) àkọ́kọ́ tí ìjọba Bùràsíìlì kà sí ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1984, àti àwọn ilé mìíràn bíi Gantois àti Opô Afonjá, máa ń gba àlejò ní ọjọ́ ọdún, wọ́n sì lè fún yín ní oúnjẹ lẹ́yìn ijó. Ẹ má ṣe ya fọ́tò láìgbàṣẹ, ẹ má ṣe wọ aṣọ dúdú, kí ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tún orin Yorùbá wọn ṣe. Àṣìṣe yìí burú ju bí ó ti jọ lọ: àwọn tí wọ́n lù nítorí orin náà ni wọ́n pa á mọ́ títí ó fi kan àwọn tí ń kọ ọ́ lónìí. Bákan náà ni kí ẹ rántí lẹ́bàá àtẹ alákàrà pé oúnjẹ Ọya ni àkàrà níbẹ̀. Ní 2005 ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń rí sí àjogúnbá, IPHAN, fi iṣẹ́ àwọn baiana sínú ìwé ohun ìní orílẹ̀-èdè. Àwọn ajíhìnrere kan ti ń ta àkàrà ní orúkọ “acarajé Jésù”, ìyẹn àkàrà Jésù, ọ̀rọ̀ náà sì ti dá ìjà sílẹ̀ díẹ̀. Kì í ṣe ìjà àlejò.

Púpọ̀ nínú àwọn arìnrìn-àjò kì í kúrò ní Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ ní àárín ìlú Salvador. Àdúgbò náà lẹ́wà, UNESCO sì ti kà á sí ohun àjogúnbá ayé láti 1985, ṣùgbọ́n òmíràn nínú àwọn obìnrin tí ó wọ aṣọ baiana níbẹ̀ kò ní agbada. Fọ́tò ni wọ́n ń tà. Ẹ lọ sí ọjà São Joaquim láàárọ̀, ọjà tí ó gba ipò ti Água de Meninos lẹ́yìn tí iná jó o ní 1964. Edé wà níbẹ̀ ní òkìtì, epo wà nínú igò, ewúrẹ́ ń ké, ẹ fi fóònù sínú àpò. Bí ẹ bá ní ọjọ́ kan sí i, ẹ gba ìlú Cachoeira lọ, kí ẹ jẹ maniçoba, ewé gbágùúdá tí wọ́n ń sè fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí oró inú rẹ̀ tó kúrò. Ẹ má ṣe ra ewé náà lọ́jà pé ẹ fẹ́ dán an wò fúnra yín. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ni ẹ dé, ẹ bèèrè feijão de leite, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè. Ẹni tí ó dàgbà ní Pópó Àgùdà ní Èkó yóò mọ̀ ọ́n lẹ́nu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí frejon tí wọ́n ń jẹ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere ni.

Èyí tí ó kù ni ti ẹrù. Mo ti rí ọmọ Èkó tí ó ra epo pupa lítà mẹ́ta ní Bahia, tí ó fi aṣọ wé e, tí ó gbé e padà sí Èkó, tí ó sì tú sórí agbádá rẹ̀ lójú ọ̀nà. Epo kò wọ́n wa nílé. Bí ẹ bá fẹ́ gbé nǹkan bọ̀, ẹ ra síbí onígi gígùn tí wọ́n fi ń po àkàrà, ní São Joaquim, kí ẹ sì yan èyí tí ọrùn rẹ̀ nípọn.