Ẹ má gbàgbé firmware máòsì àti dock yín

Ẹ̀yin ará wa ní Àjàṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Kì í ṣe Windows tàbí Linux nìkan ló ń fẹ́ àtúnṣe. Máòsì aláìlókùn, dock (àpótí kékeré tí a ń so mọ́ kọ̀ǹpútà kí a lè so nǹkan púpọ̀ mọ́ ọn) àti SSD (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pamọ́ sí) náà ní firmware, ìyẹn ètò kékeré tó ń darí wọn láti inú. Lọ́dún 2016, àwọn olùwádìí fi ihò ààbò kan tí wọ́n pè ní MouseJack hàn: ẹni tó wà nítòsí lè gba ara ike USB kékeré ti máòsì tẹ ohun tó wù ú sínú kọ̀ǹpútà yín. Fún àwọn máòsì kan, bíi ti Logitech, firmware tuntun ló dí ihò yẹn.

Lórí Linux, ẹ ṣí terminal (fèrèsé tí a ń tẹ àṣẹ sí), kí ẹ tẹ fwupdmgr refresh, lẹ́yìn náà fwupdmgr update. Lórí Windows, ẹ wo «Mises à jour facultatives» nínú Windows Update.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é nígbà tí iná ń ṣe ségesège. Dock kò ní bátìrì bíi ti kọ̀ǹpútà. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ó lè kú pátápátá. Tèmi kú bẹ́ẹ̀ ní Ouando, ó sì dùn mí gan-an. Ẹ so ó mọ́ ínfátà, ẹ má sì fọwọ́ kan okùn USB títí yóò fi parí.