Ẹ̀wà Àkàrà Sátidé: Ẹ Má Ta Oògùn Kòkòrò Sí I

Àkàrà gbígbóná pẹ̀lú ògì láàárọ̀ Sátidé, tàbí mọ́ínmọ́ín tí ẹyin àti ẹja pé sí nínú: adùn rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ilé kankan. Ọmọ kò lọ sílé ìwé, kò sí ìkánjú, oúnjẹ àárọ̀ lè wọ aago mọ́kànlá, kí tilé-toko sì jẹ àjẹyó. Bí wọ́n ṣe ń bó ẹ̀wà àti bí wọ́n ṣe ń po ó, ẹ mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Ibi tí ẹ ti bu ẹ̀wà náà ni ọ̀rọ̀ wà.

A ṣì ń rí àwọn tó ń ta dichlorvos, oògùn kòkòrò olómi nì, sínú àpò ẹ̀wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ló jẹ́ kí ilẹ̀ Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà lọ́dún 2015. Ìwọ̀n tí òfin wọn gbà kò ju mílígíráàmù 0.01 lọ nínú kílò kan. Ohun tí òyìnbó kọ̀ fún ọmọ tirẹ̀, ṣé ó yẹ ká fi dín àkàrà fún ọmọ tiwa?

Ẹ̀wà gbọ́dọ̀ gbẹ kí ẹ tó kó o pamọ́. Kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ bu díẹ̀ nínú ẹ̀wà náà sínú ìgò gbígbẹ tó mọ́ gaara, kó dé ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ fi iyọ̀ gbígbẹ ṣíbí ìjẹun kan ààbọ̀ sí i, ẹ mì í fún ìṣẹ́jú 1, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ tún ẹ̀wà sá.

Lẹ́yìn náà, àpò PICS, ìyẹn àpò tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀wà àti ọkà láìlo oògùn. Ọ̀rá méjì ló wà nínú rẹ̀, àpò líle ni ti òde. Ẹ da ẹ̀wà sínú ọ̀rá àkọ́kọ́, ẹ máa mì í kó lè ki, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ po, ẹ dì í pinpin. Ẹ ṣe ọ̀rá kejì bẹ́ẹ̀, kó tó kan ti òde. Àwọn kan ń di ti òde nìkan, wọ́n á wá ní àpò náà kò ṣiṣẹ́! Ẹ má tú u fún oṣù méjì. Kòkòrò tí kò rí afẹ́fẹ́ mí yóò kú.

Ẹ̀wà ilé kò tó àpò? Ẹ lo kẹ́ẹ̀gì kéékèèké olómorí líle, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti rọ oògùn sí rí. Ẹ kún un dé ẹnu. Ẹ tán ọ̀kan kí ẹ tó ṣí òmíràn.

Ẹ̀wà tí ẹ bá mọ̀ pé wọ́n ti ta oògùn sí, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má tà á. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fífọ̀ tàbí sísè. Bí ẹni tó jẹun bá ń da itọ́, tó ń làágùn, tó ń bì, tí kò sì lè mí dáadáa, ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíá, kí ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání kí dókítà lè rí i.