Ẹ má pe igbó Ọ̀ṣun ní ilẹ̀ lásán

Bí àwọn ènìyàn wa bá fẹ́ ṣe lámèyítọ́ "ìdàgbàsókè tó máa tọ́jọ́" tí wọ́n ń pariwo káàkiri, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó dáa, àmọ́ wọ́n ń ṣì í sọ.

Ẹ má sọ pé ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò ni. Ojú tí ìjọba fi wò ó láyé amúnisìn nìyẹn. Ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀gbìn àti igbó gba apá kan, wọ́n gé igi ibẹ̀, wọ́n gbin tíìkì. Láàárín 1950 sí 1959, wọ́n ti ń ṣọdẹ, wọ́n ti ń pẹja níbi tó jẹ́ èèwọ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù: ẹ má túmọ̀ èèwọ̀ sí "ìdáàbòbò àyíká". Ìwé ìgbìmọ̀ Brundtland ti 1987, ìgbìmọ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ lórí àyíká àti ìdàgbàsókè, ní ká bọ́ àìní tòní láìdí tàwọn tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n ọmọ ènìyàn nìkan ló ní àìní níbẹ̀. Nínú ìtàn Òṣogbo, Láròóyè àti Tìmẹ́hìn, àwọn tó tẹ ìlú náà dó, gé igi, igi wó sínú odò, ohùn kan sì ké látinú omi pé, "Òṣó igbó, ẹ ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró mi!" Aláró ni odò! Ó ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì mọ ẹni tó bà á jẹ́. Àdéhùn ni wọ́n bá a ṣe kí wọ́n tó rí ibi jókòó. Ẹja tí a kì í pa níbẹ̀, kì í ṣe pé a ń tọ́jú rẹ̀ de ọmọ-ọmọ. Ti onílé ni.

Ẹ má sì rò pé òfin tó. Orílẹ̀-èdè Ecuador ní Gúúsù Amẹ́ríkà kọ ẹ̀tọ́ Pachamama, ìyá ilẹ̀, sínú ìwé òfin wọn ní 2008. Ní 2013, Ààrẹ Rafael Correa ní kí wọ́n wa epo ní Yasuní, igbó ńlá kan níbẹ̀ tí ìjọba ń dáàbò bò. Ìbò àwọn ará ìlú ní 2023, bíi 59 nínú 100, ló ní kí epo ibẹ̀ wà nílẹ̀. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà, kọ orúkọ igbó tiwa náà sílẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, hẹ́kítà 75. Odò ò mọ hẹ́kítà.

Gbogbo ẹ̀bi kọ́ ni ti òyìnbó o. Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, ọmọ Austria, wà lára àwọn tó gba igbó náà padà, òun àtàwọn àwòrò àtàwọn oníṣọ̀nà Òṣogbo. Lónìí Àbújá ló ń fún awakùsà níwèé àṣẹ, àwọn mìíràn ò tilẹ̀ gbàwé. Góòlù tí wọ́n ń wà lókè odò ti sọ omi di aláwọ̀ ẹrẹ̀. Ní 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fáwọn tó wá ṣọdún pé kí wọ́n má mu ún. Síbẹ̀, àwọn kan ń bu ún sínú kẹ́ẹ̀gì lọ sílé.