Gìgísẹ̀ tó dá mi dúró fún oṣù 5, bí mo ṣe tọ́jú ẹ̀

Ìdájí ni, mo fẹ́ ṣe àlùwàlá fún ìrun àsùbáà, bí mo ṣe sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì báyìí ni gìgísẹ̀ ọ̀tún mi ta mí bí ẹni tó tẹ ìṣó, mo di ògiri mú, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi, kò sí nǹkankan níbẹ̀. Kí n tó dé ìdí bútà ó ti ń rọlẹ̀, nígbà tó fi máa di aago 8 mo ti gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe fún ọ̀sẹ̀ 3 gbáko, èmi náà ò sì yé sáré.

Tanke, ní Ìlọrin, ni mò ń gbé. Kìlómítà 3 ni mo máa ń sá tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, àwa bíi mélòó kan wá jọ sọ ọ́ pé a fẹ́ sá 10, ni mo bá fò láti 3 bọ́ sí 7 láàárín ọ̀sẹ̀ 2, bàtà òkìríkà tó sì wà lẹ́sẹ̀ mi, fóòmù inú ẹ̀ ti kú pátápátá.

Ìyá mi ń fi òrí gbígbóná wọ́ ọ fún mi lálaalẹ́, ó ń tù mí lára gan-an, àmọ́ tílẹ̀ bá ti mọ́ ìṣó yẹn á tún padà. Mo sinmi fún ọ̀sẹ̀ 2, mi ò sá eré kankan, ọjọ́ tí mo tún bẹ̀rẹ̀ ló tún gbé e dé. Ìgbà yẹn ni mo tó lọ rí físíò, àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti eegun.

Ó ní ìgbà wo ló máa ń dùn mí jù, mo ní ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ abẹ́ gìgísẹ̀ mi lápá inú, mo lọgun. Ó ní plantar fasciitis ni, pé iṣan fífẹ̀ kan wà tó na láti egungun gìgísẹ̀ lọ dé ìdí ọmọ ìka ẹsẹ̀, òun ló di àtẹ́lẹsẹ̀ mú, tí èèyàn bá ń sùn á súnkì, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ á wá fà á lójijì.

Ó ní kí n tó sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ kí n kọ́kọ́ fọwọ́ fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ sẹ́yìn, kí n má fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí táíìsì mọ́, sílípáàsì tó nípọn ni. Mo tún ń yí ike omi dídì lábẹ́ ẹsẹ̀ lálẹ́, tí iná bá wà. Ohun tí mi ò rò rárá ni ìjókòó orí ìrun, ẹsẹ̀ ọ̀tún la máa ń nà ró tí ọmọ ìka á tẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló ń fà. Mo bi Ààfáà wa, wọ́n ní kí n tẹ́ ẹ sílẹ̀, Ọlọ́hun ò fi ẹ̀sìn ni wá lára.

Àmọ́ iṣẹ́ tó wò mí gangan, orí àtẹ̀gùn ni. Mo máa ká táwẹ̀lì sábẹ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀, gìgísẹ̀ á wà lófuurufú, màá gbé gìgísẹ̀ sókè fún ìṣẹ́jú àáyá 3, màá dúró fún 2, màá fi 3 sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ní ọjọ́ kan fo ọjọ́ kan. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ kan, nígbà tó yá mo gbé báàgì ìwé kọ́ ẹ̀yìn. Físíò ní kó dùn díẹ̀ kò burú, tí kò bá ṣáà ti le sí i lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́ mi ò rí ìyàtọ̀ kankan, ó sú mi débi pé mo sunkún lọ́jọ́ kan, ìyá mi ló ń rán mi létí táwẹ̀lì. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ, kẹsàn-án, ìṣó yẹn wá di bí òkúta kékeré.

Pápá ìṣeré tó wà ní Taiwo Road ni mo ti padà bẹ̀rẹ̀, bàtà tuntun, ìṣẹ́jú 1 sísá, ìṣẹ́jú 2 rírìn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tá a jọ sọ̀rọ̀ ti sá 10 wọn lọ. Kìlómítà 6 ni mo wà báyìí, mi ò sì ń fi ju ìdajì kìlómítà kún un lọ́sẹ̀, táwẹ̀lì ṣì wà lórí àtẹ̀gùn.