Àtàǹpàkò Ọmọ Yín: Ẹ Wò Ó Dáadáa Kí Ẹ Tó Fi Òwú Dè É

Bí ẹ bá bí Olúgbódi, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ìka kẹfà hù sí. Èyí tó rọ̀ dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín, tó jẹ́ awọ nìkan ló gbé e dúró, kì í le yọ nílé ìwòsàn. Èyí tó hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò yàtọ̀ pátápátá. Egungun wà nínú rẹ̀, oríkèé kan náà ni òun àti èkejì rẹ̀ sì sábà máa ń pín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òwú tàbí irun dè é pé kó já. Ó lè kẹ̀, tẹ́tánọ́ọ̀sì lè gba ojú egbò wọlé, kùkùté tó bá ṣẹ́ kù á sì máa ro ọmọ nígbàkigbà tí nǹkan bá kàn án.

Dókítà pàápàá kì í kàn gé ọ̀kan dànù. Méjèèjì ló tínrín ju àtàǹpàkò gidi lọ, iṣan tó ń gbé àtàǹpàkò kúrò lára àtẹ́lẹwọ́ sì sábà máa ń so mọ́ èyí tó wà níta, tí wọ́n fẹ́ yọ. Wọ́n á tú iṣan náà, wọ́n á rán an mọ́ èyí tó kù, wọ́n á sì tún oríkèé dè. Bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àtàǹpàkò tó kù á máa wọ́ bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Nǹkan bí ọmọ ọdún 1 ni wọ́n ń ṣe é, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya ẹ́ksíréè. Ẹ wá dókítà tó mọ iṣẹ́ abẹ ọwọ́ ọmọdé lọ, irú èyí tó wà nílé ìwòsàn egungun Ìgbóbì l'Ékòó tàbí ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn.

Ní ti àtàǹpàkò tó ká, gbogbo ọmọ tuntun ló ń di tiwọn mọ́nú ẹ̀ṣẹ́. Bó bá pé oṣù 3 sí 4 tí kò tíì máa yọ ọ́ síta, ẹ wo oríkèé tó ká. Bó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ sùn sínú àtẹ́lẹwọ́, iṣan tó yẹ kó nà án ni kò lágbára. Ike tí wọ́n gé bá ọwọ́ ọmọ mu ni wọ́n máa ń fi nà án tọ̀sán-tòru, fún oṣù 3 sí 6. Ẹ máa tú u nígbà ìwẹ̀, kẹ́ ẹ yẹ awọ wò. Bí orí ìka bá wú tàbí tó yí àwọ̀ padà, ó ti fún jù.

Bó bá jẹ́ oríkèé tó sún mọ́ èékánná ló ká tí kò nà mọ́, tí kókó bí ẹ̀wà sì wà ní ìdí àtàǹpàkò lápá àtẹ́lẹwọ́, iṣan ló wú ju ihò tó ń gbà kọjá lọ. Láàárín ọdún 1 sí 3 ló sábà máa ń hàn, àwọn òbí á sì rò pé ọmọ ṣubú ni. Egungun kankan ò ṣẹ́, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tipátipá nà án. Àwọn kan máa ń nà fúnra wọn. Èyí tí kò bá nà, iṣẹ́ abẹ kékeré láti la ẹnu ihò náà ti tó.

Èyí tí a kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú rárá ni àtàǹpàkò tó kéré jọjọ tàbí tí kò sí. Àsìkò kan náà nínú oyún ni ọwọ́, ọkàn àti kíndìnrín ń hù, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n yẹ ọkàn, kíndìnrín, ọ̀pá ẹ̀yìn àti ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Lẹ́yìn náà, wọ́n lè yí ìka ìfábẹ̀lá, èyí tó tẹ̀ lé e, sípò àtàǹpàkò. Ìka 4 ni yóò wà lọ́wọ́ ọmọ náà, ṣùgbọ́n yóò lè fi ọwọ́ náà di bọ́tìnnì, yóò sì lè fi mú ṣíbí.